Àpò Tí Màmá Gatewood Gbé Kọ́ Èjìká

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú àpéjọ.

Àpò kan la fẹ́ tú lójú gbogbo yín lónìí. Aṣọ jíǹsì ni, ẹni tó ni ín ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Ó ní okùn tí a fi ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, èjìká kan ṣoṣo ni a sì ń gbé e kọ́. Bí gbogbo ẹrù bá pé sínú rẹ̀, kì í sábà tó 20 pọ́ùn, ìyẹn bíi kílò 9. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì. Ìyá àgbà ẹni ọdún 67, ọlọ́mọ 11 tí wọ́n ti rí ọmọ-ọmọ 23, ni wọ́n gbé àpò yìí ní oṣù karùn-ún ọdún 1955, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà títí dé Maine ní àríwá pátápátá. 2,050 máìlì ni, ọjọ́ 146 ni wọ́n sì fi rìn ín. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kó rò ó pé òun fẹsẹ̀ rìn ín ní ìgbà 25, lórí òkè, láàárín òkúta àti gbòǹgbò igi. Kò sí obìnrin kankan tó dá rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀ ṣáájú wọn.

Emma Rowena Gatewood ni orúkọ Màmá yìí. Grandma Gatewood ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n ní Amẹ́ríkà. Àwa ó máa pè wọ́n ní Màmá Gatewood, torí ẹnu wa kò gbà á ká máa já orúkọ mọ́ àgbà lórí.

Bí wọ́n bá ń rántí Màmá yìí, agbára ni àwọn èèyàn máa ń ròyìn: ara wọn le, kì í rẹ̀ wọ́n bọ̀rọ̀, wọn kì í jókòó sójú kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn géńdé ọkùnrin pọ̀ tó gbéra lórí ọ̀nà yẹn tí wọn kò rìn ín dé ìdajì. Ohun tó gbé Màmá dé òpin ni pé wọ́n mọ ohun tí èèyàn lè fi sílẹ̀ nílé. Ìmọ̀ ìyá olóko ni, inú àpò yẹn ló sì wà.

Ká kọ́kọ́ mọ ilé tí wọ́n ti wá. Wọ́n bí Màmá ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1887 ní Gallia County, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn ará Amẹ́ríkà ka Ohio mọ́ agbègbè tí wọ́n ń pè ní Midwest, àárín orílẹ̀-èdè wọn, níbi tí oko àgbàdo lọ salalu tójú kò tó òpin rẹ̀. Gallia County kò rí bẹ́ẹ̀. Etí odò Ohio ló wà, ní gúúsù ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ náà, òkè kéékèèké ló kún ibẹ̀, West Virginia sì ni òdìkejì odò. Ọmọ 15 ni òbí wọn bí. Nílé oko báyẹn láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni mọ́tò: odò ẹsẹ̀ ni, igi ìdáná ẹsẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀ṣì náà ẹsẹ̀ ni.

Ní ọdún 1907, ní ẹni ọdún 19, wọ́n lọ sílé ọkọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. C. Gatewood. Ọkùnrin náà ń lù wọ́n. Kì í ṣe lílù ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni, ìgbà kan sì wà tó lù wọ́n débi tí eyín kán. Nínú ìwé ètò ìsìnkú tiwa, irú ọ̀rọ̀ báyìí la máa ń fò kọjá, ká má bàa ta epo sí aṣọ àlà olóògbé. A kò ní fò ó níbí. Nígbà tí ilé bá gbóná, igbó ni Màmá máa ń sá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí ọkàn wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, yóò máa béèrè pé ẹ̀rù kò ha ba obìnrin arúgbó láti máa dá sun inú igbó ni? Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bà wọ́n, abẹ́ òrùlé ni. Ní ọdún 1941, ìgbéyàwó náà tú ká ní kóòtù. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ tó kù dàgbà, wọ́n ṣiṣẹ́ kiri, títí àbíkẹ́yìn fi kúrò nílé.

Ìwé ìròyìn National Geographic ti ọdún 1949 ló gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà dé iwájú wọn. Appalachian Trail ni orúkọ rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń tẹ̀lé orí àwọn òkè ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n là parí ní 1937. Ọkùnrin kan, Earl Shaffer, ti rìn ín tán ní ìrìn kan ṣoṣo ní 1948. Ìwé náà yin ọ̀nà yìí gan-an: àmì rẹ̀ hàn kedere, wọ́n ro ó mọ́, ahéré sì wà fún ẹlẹ́sẹ̀ ní òpin ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Màmá ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ìgbàgbọ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ní oṣù keje 1954, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọmọ wọn, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Maine, wọ́n gun òkè Katahdin, ibi tí ọ̀nà náà parí sí ní àríwá, wọ́n sì dorí kọ gúúsù. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n ṣìnà. Awò ojú wọn fọ́. Oúnjẹ tán. Nígbà tí wọ́n padà kan àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ igbó, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwọn yẹn ní fún wọn: Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Wọ́n sì lọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká bá Màmá wo ẹ̀yìn náà fínnífínní, torí ìkùnà 1954 yìí ló kọ́ni ju àṣeyọrí lọ.

Ìparí tó le jù ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Katahdin tó kọjú sí gúúsù, igbó bíi 100 máìlì ló máa kọ́kọ́ wọ̀, tí kò ní rí ilé ìtajà kan níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le, ni yóò wá ru oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ gba ibi tó burú jù lọ. Kòkòrò tó ń jẹni ní igbó Maine lásìkò yẹn kò tún kéré. Èkejì ni ọ̀rọ̀ awò ojú. Àmì tó ń darí ẹlẹ́sẹ̀ lórí Appalachian Trail jẹ́ ọ̀dà funfun tí a kùn sára igi tàbí òkúta, fífẹ̀ rẹ̀ 2 ínǹṣì, gígùn rẹ̀ 6 ínǹṣì. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò ní rí i lórí igi tó ti hu èéhù funfun. Awò ojú kan ṣoṣo ni Màmá gbé dání. Nígbà tó fọ́, ọ̀nà náà fọ́ pẹ̀lú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tó ń lọ rìn nínú igbó: ìṣìnà kì í ṣẹlẹ̀ ní oríta, ẹ̀yìn oríta ló ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí èèyàn kò rí àmì mọ́ tó sì ń sọ pé yóò yọjú níwájú. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí ẹ kò rí ọ̀dà, ẹ dúró. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti rí àmì kẹ́yìn, ẹ tún ibẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ọ̀dà méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn.

Màmá kò bínú sí ọ̀nà, wọn kò sì fi ìmọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ igbó ṣe ìdájọ́ ara wọn. Ní oṣù kìíní 1955, nílé ọmọ wọn ní ìlú Dayton, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àdúgbò po. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyípo kan péré. Lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, máìlì 10 ni wọ́n ń rìn lójúmọ́. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: iṣan ẹsẹ̀ máa ń tètè le, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ eegun àti okùn tó so ẹran mọ́ eegun, wọ́n máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gba ìnira. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń já kulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì: ara ń sọ pé mo lè ṣe é, orúnkún ní òun kò bá wọn mu irú omi bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni Màmá fún orúnkún tiwọn.

Wọ́n tún yí ìdojúkọ padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Mount Oglethorpe ní Georgia, níbi tí ọ̀nà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn kí wọ́n tó sún un lọ sí Springer Mountain ní 1958. Ní gúúsù, oko àti abúlé sún mọ́ ọ̀nà. Bí oúnjẹ bá tán, ilé kan kò ní jìnnà jù. Tí Maine bá fi máa dé, ẹsẹ̀ á ti di ẹsẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú àpò.

Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ mú: sọ́séèjì inú agolo, ẹ̀pà, èso àjàrà gbígbẹ, wàrà oníyẹ̀fun, àti mágì. Bẹ́ẹ̀ ni, mágì, èyí tí à ń sọ sínú ọbẹ̀ náà ni. Kò sí sítóòfù nínú àpò, kò sì sí ìkòkò. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ṣeé jẹ láìdáná. Ẹ̀pà 100 gíráàmù ní agbára tó lé ní kálórì 500; ìrẹsì gbígbẹ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń wá omi àti iná. Mágì ní tirẹ̀, iyọ̀ ni Màmá ń wá nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè látàárọ̀ dé alẹ́ ń làágùn, iyọ̀ ara ń bá òógùn lọ, tó bá sì jẹ́ omi nìkan ló ń mu, orí á máa fọ́ ọ, iṣan á máa fà á. Èyò mágì kan kò wúwo ju bọ́tìnì lọ.

Àmọ́ oúnjẹ yìí kò tó. Ẹni tó bá ń rìn máìlì 14 lórí òkè lójúmọ́ nílò nǹkan bíi kálórì 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí bí àpò kékeré yẹn ṣe lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá mọ̀. Ara ìlú ni wọ́n fi kún un. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì àjèjì, wọ́n ń sùn sí yàrá àlejò tàbí àga tó ń fì ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n sì ń já èso inú igbó jẹ lọ, torí ọmọ oko ni wọ́n, wọ́n mọ ewé tó dára fún tíì àti èyí tó lè pani.

Èyí ló mú wa dé ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú àpò náà: gáàwùn ṣẹ́ẹ̀kì kan àti sálúbàtà inú ilé. Ẹni tó ń ka ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kí ló ń fi gáàwùn ṣe nínú igbó? Ìdáhùn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn. Obìnrin arúgbó tó jáde látinú igbó pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára àti ewé nínú irun, aláìnílé ni wọn yóò pè é, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan tilẹ̀ tì í mọ́ Màmá lójú. Bí wọ́n bá gbọn gáàwùn jìgìjìgì tí wọ́n wọ̀ ọ́, màmá ẹnìkan ni wọ́n tún dà. Àwọn tó ń kọ́ ni ní ìrìn igbó lónìí kì í ka aṣọ yẹn mọ́ irinṣẹ́. Lójú tiwa, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ alẹ́.

Kọ́tìnì ọ̀rá ilé ìwẹ̀ ló tún wà níbẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á dà á bora, àpò á wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, wọ́n á tẹ́ ẹ sùn. Bí ahéré bá ń jò, wọ́n á fi bo ara. Ohun kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ tún wo kúbùsù, kóòtù òjò, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ kékeré, abẹ́rẹ́ àti òwú, pín-ìn-nì, pílásítà, ìgò áyódìnì tí a ń fi sójú ọgbẹ́, Vicks, mínńtì, àti ìwé pélébé kan tí wọ́n ń kọ ohun tójú rí sí lálaalẹ́. Àgọ́ kò sí níbẹ̀, àpò ìsùn kò sí níbẹ̀, kọ́ńpáàsì kò sí níbẹ̀.

Kí ló dé tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Máìlì 14 tó ìgbésẹ̀ 30,000. Kílò kan tí ẹ fi kún ẹrù, ìgbà 30,000 lẹ máa gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ló sì máa san án nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń gòkè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà, tí wọ́n ń lo àgọ́ kánfáàsì àti bàtà awọ onírin, wọ́n ń gbé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ẹrù Màmá. Àpò olókùn kan ní àléébù tirẹ̀ o. Ó máa ń fa ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì máa ń ba ìdúró èèyàn jẹ́, àyàfi bí èèyàn bá ń pààrọ̀ èjìká. Ó ṣeé ṣe fún Màmá torí pé ẹrù fúyẹ́; ẹni tó bá kó kílò 18 sínú irú rẹ̀, kó múra de ẹ̀yìn ríro.

Bàtà wọn kò sí nínú àpò, ẹsẹ̀ ló wà. Kánfáàsì lásán ni, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń sáré. Bíi mẹ́fà tàbí méje ló gbó lẹ́sẹ̀ wọn lọ́dún yẹn, ìyẹn ni pé bàtà kan kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 300 máìlì. Kánfáàsì fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ bó bá bọ́ sómi. Bàtà awọ tó bá mumi, ọjọ́ méjì kì í tó o. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, gbogbo òkúta ni ẹsẹ̀ ń gbọ́, kò sì di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Màmá ní eegun tó yọ gọnbu ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ bàtà kó lè ráàyè. Àwọn tó ń ṣe bàtà ìrìn lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú iwájú bàtà fẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà, kó ra bàtà tó fi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú, ó sì máa ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò sì ní padà mọ́.

Ohun kan wà tí a kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ lára wọn: jíǹsì nínú òtútù. Owú máa ń fa omi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tó bá tutù, ó ń fa ooru kúrò lára ni. Kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́ kí òtútù tó pani. Òjò àti afẹ́fẹ́ lórí òkè ti tó, pàápàá fún àgbà. Aṣọ irun àgùntàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ tutù, ó ń mú ooru dúró. Màmá mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń bá òtútù jà. Wọ́n á dá iná, wọ́n á ti òkúta pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gbóná, wọ́n á sì sùn sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má mú òkúta láti inú odò. Omi tó ti wọ inú rẹ̀ á di oru, òkúta náà lè là gbàù kó sì fọ́ sí ojú èèyàn.

Oṣù kẹjọ 1955 ni ìjì ńlá méjì, Connie àti Diane, kọ lu ìlà oòrùn Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Odò kún, afárá lọ. Ní Vermont, Màmá dé Clarendon Gorge, omi ti gbé afárá ibẹ̀ lọ, odò náà sì ń hó yaya. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n jókòó. Wọn kò gbìyànjú láti dá a sọdá. Wọ́n dúró títí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ológun ojú omi fi dé. Wọ́n so okùn mọ́ ara wọn, Màmá láàárín, ọmọkùnrin kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lábẹ́ omi ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé èbúté. Àwọn tó ń pe Màmá ní olórí kunkun, ibí yìí ni kí wọ́n wò. Olórí kunkun ì bá ti bómi lọ.

Àwọn oníwèé ìròyìn ti rí wọn láti Virginia ní oṣù kẹfà. Láti ìgbà náà lọ, akọ̀ròyìn a máa dúró dè wọ́n ní ìlú tí wọ́n bá fẹ́ dé, inú ìwé ìròyìn sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ti gbọ́ ibi tí ìyá wọn wà. Ohun tí Màmá sọ fún wọn nílé ni pé àwọn fẹ́ lọ rìn díẹ̀. Bí akọ̀ròyìn bá béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, Màmá kì í pọ́n ọn lé: àmì ti parẹ́, igi wó dínà, ahéré mìíràn ti jóná, òmíràn ti di ilé eku, ẹni tó sì la ọ̀nà náà kì í rí òkúta ńlá kó má gba orí rẹ̀. Ẹjọ́ yìí wúlò. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà náà kò lè sọ mọ́ pé ẹnikẹ́ni kò rí i, torí ìyá àgbà kan ti sọ ọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 1955, wọ́n dé orí Katahdin, tó ga ju 5,200 ẹsẹ̀ bàtà lọ, nínú òtútù, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó kù nínú àpò lára wọn. Wọ́n kọrin lórí òkè, wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ní 1957, wọ́n tún un rìn. Ní 1959, ní ẹni ọdún 71, wọ́n rin ojú ọ̀nà Oregon láti Independence ní Missouri dé Portland, bíi 2,000 máìlì ní ọjọ́ 95, ọ̀nà ọlọ́dà lábẹ́ oòrùn, tí àwọn fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Ní 1964, wọ́n parí Appalachian Trail nígbà kẹta, wọ́n pín in rìn díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin o, obìnrin o, kò tíì sí ẹni tó rìn ín tán lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé, ní Ohio, ni àwọn èèyàn kì í sọ tó. Ní 1959, wọ́n wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Buckeye Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí ìpínlẹ̀ Ohio po, tó ti lé ní 1,400 máìlì lónìí. Ọ̀dà búlúù ni àmì tirẹ̀, ìwọ̀n kan náà, 2 ínǹṣì sí 6. Ní Gallia County, Màmá ló ń lọ bá àwọn olóko lọ́kọ̀ọ̀kan tọrọ àyè kí ọ̀nà gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn kùn àmì. Ìwé àṣẹ kọ́ ni irú iṣẹ́ yẹn ń wá. Ojú tí wọ́n mọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Columbus, olú ìlú Ohio, ìrìn bíi wákàtí kan nínú ọkọ̀ ló gbé yín dé Hocking Hills, igbó olókè àti àpáta, níbi tí ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ wọn wà. Máìlì 6 ni, láti Old Man's Cave, gba Cedar Falls, dé Ash Cave. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á rìn ín ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má gbàgbé pé ẹnu kan sí èkejì ni. Bí ẹ kò bá gbé ọkọ̀ kan sí ìparí, máìlì 12 ni ẹ máa rìn. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kìíní lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń kóra jọ rìn ín nínú òtútù. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, Màmá sì ń ṣáájú wọn pẹ̀lú fìlà pupa lórí. Ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná ni wọ́n máa ń pín fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ní Cedar Falls.

Bí ẹ bá lọ nígbà òtútù, omi tó ń sun láti ara òkúta á ti di yìnyín lórí àtẹ̀gùn, á máa dán bí gíláàsì. Ẹ ra ìhámọ́ onírin tí wọ́n ń fi sábẹ́ bàtà, ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà nítorí fọ́tò. Etí àwọn àpáta yẹn kò ní ọgbà, iyanrìn tó di òkúta ni wọ́n, ó sì máa ń yẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ti jábọ́ kú níbẹ̀. Bí ẹ bá dé Ash Cave, ẹ gbójú sókè: òrùlé àpáta kan ṣoṣo, fífẹ̀ rẹ̀ 700 ẹsẹ̀ bàtà, gíga rẹ̀ 90, omi ń já bọ́ láti etí rẹ̀. Àwọn tó mọ Màmá sọ pé inú igbó yìí ni ọkàn wọn máa ń fà sí jù.

Màmá kú ní oṣù kẹfà ọdún 1973, ní ẹni ọdún 85. Ní 2012 ni wọ́n fi orúkọ wọn sí ara àwọn tí Appalachian Trail kò ní gbàgbé. Gallia County ni wọ́n sin wọ́n sí. Òkúta ibojì wọn kò sọ̀rọ̀ 2,050 máìlì, kò sọ̀rọ̀ ìgbà mẹ́ta, kò dárúkọ òkè kankan. Orúkọ wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì tẹ̀lé e: Grandma.